Omi Òjò Tí Mo Pa Mọ́ fún Ẹ́ńjìnnì

Àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí máa ń wá bá mi nílé, kí n sọ ohun tí mo ṣe tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan fi lo ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́ mi láìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n rò pé oògùn ni. Ẹ̀rín a máa pa mí, inú a sì máa bí mi, nítorí ọ̀lẹ ló ń wá oògùn sí ohun tí ìmọ́tótó ń ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi aṣọ sẹ́ pẹtiróòlù kí wọ́n tó dà á, kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kó tó dúdú, kí wọ́n má fi ìwàǹwára gun òkè, kí wọ́n má sì da omi kànga sínú rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù láé. Omi òjò ni kí wọ́n lò. Wọn a dúpẹ́, wọn a lọ. N kì í sọ ẹni tó kọ́ mi ní ti omi yẹn fún wọn, n kì í sì í sọ ohun tí mo fi san oore rẹ̀.

Ìyá mi ni. Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹdẹ ni wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú wọn. Nígbà yẹn, ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀, ojú irin ti wọ ìlú, àmọ́ iye ọkọ̀ kékeré tó wà ní Ẹdẹ kò pé ìka ọwọ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọ̀gá mi, oníṣòwò kòkó àti èkùrọ́. Awakọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ti ba ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ jẹ́. Ọkọ̀ hó mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, ó sáré pọn omi tútù lódò, ó dà á lé irin gbígbóná, irin sì sán. Èèyàn ló ti ọkọ̀ náà wọ ìlú, gbogbo ọjà sì dúró wò ó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì mìíràn dé, ọ̀gá fa ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bí èyí náà bá kú, oko ni ìwọ ń padà sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. N kì í gbéra láàárọ̀ àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí ìdúró tí ara rẹ̀ yá. Bí a bá ń ti ìlú Ara bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, màá dúró lábẹ́ igi kí irin lè sinmi, ọ̀gá mi a sì jókòó sẹ́yìn, a máa fi fìlà fẹ́ra. Mo máa ń fi ìka méjì ra ọ́ìlì bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí ó bá ti ní yanrìn, kíá ni màá dà á nù. Omi nìkan ni mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Èrò mi ni pé omi ni omi í jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá mi bá mi níbi tí mo ti ń da omi kànga sínú ọkọ̀. Wọ́n ti ọwọ́ bọ garawa, wọ́n fi ìka kan ra ìkejì, wọ́n sì mi orí.

"Omi tí ọṣẹ mi kì í hó nínú rẹ̀ nìyí. Ìwọ wo ìdí ìkòkò mi."

Wọ́n gbé ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi wá. Nǹkan funfun bí ẹfun ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì le koko.

"Ohun tó ṣe ìkòkò yìí ni yóò ṣe inú irin rẹ, ọkọ mi. Òjò ni kó o fún un mu."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbe òjò fún mi. Ilé koríko ni ilé wa, omi òrùlé rẹ̀ sì máa ń pọ́n, nítorí náà gbangba àgbàlá ni wọ́n ń to ìkòkò sí. Wọn kì í gbe òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n ní àkọ́rọ̀ ń fọ ojú ọ̀run, ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi gidi ń bọ̀. Wọ́n á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú àmù ńlá kan, wọ́n á dé e, wọ́n á ní, "Ti ọkọ̀ nìyí." Àwọn ará ilé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé mọ́tò ní àmù tirẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Yẹ̀yẹ́ yẹn dùn mọ́ Ìyá mi nínú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu nínú omi náà, àlejò kan tó ṣì í bù mu, mo pariwo mọ́ ọn títí Ìyá mi fi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí mi.

Ọdún kẹta tí mo ti ń wa ọkọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀rùn pẹ́ nílẹ̀. Odò fà, ó ku ẹrẹ̀. Ìgbà náà ni ibà dá Ìyá mi dùbúlẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀gá mi sì sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó lọ sí Ìbàdàn. Ìrìn tó jìn, nínú eruku àti oòrùn yẹn, ọkọ̀ á mu omi bí ẹṣin. Mo yẹ àmù wò. Ohun tó kù níbẹ̀ kò pé garawa kan. Bí mo bá ṣọ́ ọ dáadáa, yóò gbé wa lọ, yóò sì gbé wa bọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó ti Ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Wọ́n ti kọ ẹ̀kọ, wọ́n ti kọ ọbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹnu mi korò bí ewúro. Bu omi òjò díẹ̀ fún mi. Omi kànga yìí ń há mi lọ́fun."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n bù ú wá, Ìyá."

Mo mú igbá, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣí àmù. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó pé bí mo bá bù lónìí, wọ́n á tún béèrè lọ́la, pé aláìsàn kò lè mọ omi kan yàtọ̀ sí ìkejì, pé òjò kò ní pẹ́ dé mọ́, wọ́n á sì mu ún títí yóò fi sú wọn. Mo dé àmù padà. Mo lọ sí kànga, mo fa omi, mo jẹ́ kó tòrò, mo sì gbé e wọlé fún ìyá tó bí mi.

"Òun nìyí, Ìyá. Omi òjò ni."

Wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n dá a dúró lẹ́nu. Obìnrin tó ń fi ìka lásán mọ omi! Wọ́n wò mí. Ojú wọn kò le, kò sì sí ìbínú níbẹ̀, wọ́n kàn wò mí pẹ́. Wọ́n gbé omi náà mì, wọ́n sì gbé igbá fún mi.

"O ṣeun, ọkọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ pẹ́."

Mo ní, "Àmín."

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbìyànjú láti di ẹ̀bi náà ru ọ̀gá mi. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ọ̀gá mi kò sí ní ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ìyìn ló dùn mọ́ mi jù, kí wọ́n máa tọ́ka sí mi ní ibùdókọ̀ ojú irin pé awakọ̀ tí ẹ́ńjìnnì kì í kú mọ́ lọ́wọ́ nìyí. Igbá omi kan péré ni Ìyá mi tọrọ. Àdúà wọn sì gbà, nítorí ọkọ̀ náà pẹ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ní ìyálẹ̀ta, Ìyá mi jáde láyé. Àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ wọ́n béèrè omi lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu láti ní kí wọ́n lọ bu ti inú àmù, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi gbé ohun tí mo fi du alààyè fún òkú? Mo na ọwọ́ sí kànga. Omi kànga ni wọ́n fi wẹ̀ wọ́n, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá mi wá kí mi lọ́jọ́ kejì. Èèyàn rere ni. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó ní kí n má ronú iṣẹ́ rárá, ọkọ̀ ojú irin lòun máa wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí omi tí mo ṣọ́ de Ìbàdàn ṣì wà nínú àmù.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, a kò tíì parí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé. Àwọn èèyàn ń yọ̀, wọ́n ní ẹni ire ló lọ, òjò ló sìn ín. Mo bu sẹ́kún, wọ́n sì ń rẹ̀ mí pé kí n mọ́kàn le. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí mo ń sunkún sí.

Nígbà tí ojú ọ̀run tún ṣú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo to ìkòkò sí gbangba àgbàlá bí Ìyá mi ṣe ń tò ó. Mo wá lọ fọ àmù sílẹ̀ de omi tuntun, nítorí wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í da omi tuntun lé omi ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ṣí i. Omi tí mo fi dù wọ́n ṣì wà níbẹ̀, kò dín. Mo fi igbá ọjọ́ yẹn bu díẹ̀, mo mu ún. Ó tutù, ó dùn, kò há lọ́fun. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àmù náà, mo sì da gbogbo rẹ̀ nù sílẹ̀.