Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Fún Dókítà

Kékeré ni mo wà, ní Kabawa, nígbà tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn wọ ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Lọ́kọ́ja, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í gbé ọmọ lọ ọsibítù torí ikọ́ nígbà yẹn. Wọ́n á fi àdín ra yín láyà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ pọnmi.

Ara mi yá. Ikọ́ Kẹ́mi, àbúrò mi, náà ti ń lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ṣáá. Tó bá jí, á máa wo Màámi bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó yá, gìrì mú un.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ní kì í ṣe ojú lásán. Ó fura sí Màmá Ládì, aládùúgbò wa tó ń ta kúnú, torí ó máa ń bù fún Kẹ́mi mu. Ó fura sí èmi náà, pé ó lè jẹ́ èmi ni mo gba ọpọlọ àbúrò mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò hàn nínú ìwé mi. Prámárì fóò ni mo ti dúró. Ó wá kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ dárúkọ Kẹ́mi fún ẹni tá ò mọ̀.

Gìrì tún mú un, Màámi gbé e pọ̀n, ó di ọsibítù, èmi àti Ìyá àgbà tẹ̀ lé e. Dókítà béèrè orúkọ ọmọ. Kí Màámi tó lanu, Ìyá àgbà ti dáhùn pé, "Rísíkátù."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. "Rísíkátù. Rísíkátù, wò mí." Kẹ́mi ò mira. Ojú dókítà yí padà, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ yìí ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Màámi bú sẹ́kún. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, Kẹ́mi lorúkọ ẹ̀."

"Màmá, ta wá ni Rísíkátù?"

"Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín," ni Ìyá àgbà wí.

Dókítà tẹ orí ba mọ́ ọn létí, ó pè é ní Kẹ́mi. Ojú Kẹ́mi là díẹ̀, ó yíjú síbi tí ohùn ti wá. Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní ikọ́ tó ṣe é lọ́jọ́sí ló fà á tí ọpọlọ ẹ̀ fi wú. Ìyá àgbà bi í pé ta ló fọ̀nà orí han ikọ́.

Ó pẹ́ ká tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Kẹ́mi délé, ó ti gbàgbé á-bí-dí. Mo ní kó jókòó tì mí, ká jọ máa kọ́ ọ. Màmá Ládì gbé kúnú wá kí i. Ìyá àgbà ní kí Màmá Ládì fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú òun. Ó mu ún.

Ayé ìsinsìnyí yàtọ̀. Ní Lokongoma, ní Lọ́kọ́ja níbí náà, níbi tí mo ti ń ṣọ́ géètì, ìfura ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún mi. Àwọn ará ibẹ̀ ò tiẹ̀ mọra débi tí wọ́n á fi fura síra wọn. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tèmi bá wúkọ́ tán, tí oorun ẹ̀ wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ, mi ò ní bi aládùúgbò kankan ní ohunkóhun. Ikọ́ yẹn ni màá fura sí, màá sì ti wà ní títì, tí màá máa dá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa lọ ọsibítù dúró.