Síkẹ́ẹ̀tì Àtẹ̀gùn

Ariwo ẹsẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí àǹtí mi rántí láyé. Ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, gìrìgìrì lórí àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n gbé dàgbà, tí wọ́n ń sáré lọ sókè, tí òun nìkan jókòó sísàlẹ̀. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Bí ariwo náà bá ti rọlẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn, á fi ìdí gùn ún, á máa fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rí i. Tí ẹnìkan bá yọjú, á dúró bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn.

"Atẹ́gùn wo lò ń gbà níbi tí ò ní fèrèsé?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á bi í.

"Èyí tí ò fẹ́ sí ẹ."

Ó kàwé, ó sì di òṣìṣẹ́ ní yunifásítì ìjọba tó ti kàwé. Nítorí ọ̀pá méjì tó fi ń rìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Àǹtí Ọlọ́pàá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú wa o!" ni wọ́n máa ń kí i. Òun náà á ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ yín ló máa mú yín."

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwé náà dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti ń tì sẹ́yìn tipẹ́: àwọn tí kò ríran, àwọn adití, àwọn tí ẹsẹ̀ ò gbé, àwọn ọmọ abúlé tí èdè kíláàsì ò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n pè é ní Ọ́fíìsì Gbogbo-Wa-La-Ni-Ín. Àǹtí mi ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Òkè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n fi ọ́fíìsì náà sí, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè.

"Ibẹ̀ nìkan ló ṣófo," akọ̀wé àgbà yunifásítì sọ fún un. "Ṣé ẹ máa lè ṣe é?"

"Kò sí wàhálà, sà."

Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde. Láràárọ̀, á ti dé kí ẹlòmíì tó dé. Á fa síkẹ́ẹ̀tì búlúù àtijọ́ kan yọ látinú báàgì, á wọ̀ ọ́ lé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á so ọ̀pá mọ́ ẹ̀yìn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí gun àtẹ̀gùn. Tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bá fi máa dé, á ti jókòó sídìí tábìlì, á ti kun páúdà. Kì í mumi títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí ìsàlẹ̀ ni ilé ìtọ̀ wà. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á na ọrùn. Ẹsẹ̀ náà á yà síbòmíràn. Àwọn tí wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún ò wá.

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́, akọ̀wé àgbà gòkè wá bá a.

"Ìgbìmọ̀ alákòóso ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá lo ọ́fíìsì yìí, wọ́n á tì í. Mi ò ní lè gbèjà ẹ̀."

"Àwọn tó nílò rẹ̀ jù ò lè gun àtẹ̀gùn, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò ṣáà fò wá síbí." Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú ilé ìdáná wa, ọ̀pá ń ró kó, kó, kó.

"Jókòó, jọ̀ọ́," ni ìyá mi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sọ. "O fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ilé mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ ti ọ́fíìsì náà torí mi ò jẹ́ kí wọ́n rí bí mo ṣe ń gòkè. Ẹ̀yin gan-an ò rí mi lórí àtẹ̀gùn rí."

Ìyá mi pa iná ìdáná. "A máa ń gbọ́ ẹ. Aṣọ ẹ á máa dún, fàà, fàà. A máa ń dúró sínú yàrá títí wàá fi gùn ún tán."

Àǹtí mi wò ó títí.

Lọ́jọ́bọ̀, ó kọ̀ láti tètè gòkè. Ìsàlẹ̀ ló jókòó sí títí ìgbìmọ̀ fi dé, ó sì wọ síkẹ́ẹ̀tì náà lójú wọn.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," akọ̀wé àgbà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "A máa ní kí wọ́n gbé yín."

"Ẹ má gbé mi, sà. Ẹ kàn máa bọ̀."

Ó kọ ẹ̀yìn sí òkè, ó kọjú sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn náà rí tóóró, ẹnikẹ́ni ò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn èèyàn pàtàkì náà ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àjà kejì, ẹnìkan nínú wọn di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ gbatẹ́gùn, sà," ni àǹtí mi sọ.

Lókè, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó jẹ́ alága bi í pé, "Ojoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́, mà."

Akọ̀wé àgbà ń wo bàtà rẹ̀.

Wọn ò ti ọ́fíìsì náà. Wọ́n ní àwọn máa wá yàrá sí ìsàlẹ̀. Wọn ò sọ ìgbà tí wọ́n máa rí i. Àǹtí mi gbé síkẹ́ẹ̀tì náà délé. Ìyá mi na ọwọ́ láti gbà á, ó ní kí òun bá a fọ̀ ọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nílé wa ló máa ń sá a sí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fọ̀ ọ́, ó da omi dúdú nù, ó tún fọ̀ ọ́. Ó fún un dáadáa, ó fi ọ̀pá kan gbé ara rẹ̀ dúró, ó sì sá a sórí okùn ìta, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó di àárọ̀ ọ̀la.