Kọ̀mpáílà Tí Àǹtí Bísí Yàn fún Kọ̀ǹpútà Àlàájì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Mushin. Mo ti ń dá rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pa mí!

Ẹ ti mọ̀ pé kóòdù kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ jẹun ní Yaba. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlàájì Oníbọ̀sẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Mushin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ńlá kan ló ń ṣe é, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ló sì ń darí ẹ̀rọ náà. Minikọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Ó ga tó fìríìjì! Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Díìsìkì tí ètò ìhunṣọ wà lórí ẹ̀ ló bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ń tàn, àmọ́ kò mọ nǹkan tó máa hun mọ́. Ilé ìwé kan sì ti ní kí wọ́n bá àwọn hun ìbọ̀sẹ̀ funfun tó ní ìlà búlúù, kó jáde kí àwọn ọmọ tó wọlé. Àwọn ọmọ Àlàájì ti fẹnu kò: tí kò bá ṣiṣẹ́ títí dìgbà yẹn, wọ́n máa tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí bàbá wọn lọ jókòó sílé. Àlàájì kàn ń fi àkísà nu kọ̀ǹpútà yẹn ṣáá. Ó dùn mí dé egungun! Ibẹ̀ ni mo máa ń yà sí tí mo bá jáde ilé ìwé, ìró ẹ̀rọ yẹn ló máa ń mú mi sùn.

Mo ní mo máa kọ ètò náà ní tuntun. Kọ̀mpáílà wo la fẹ́ lò? Fún ẹ̀yin tí ò mọ̀, kọ̀mpáílà ló ń sọ ohun tí a bá kọ di èyí tí kọ̀ǹpútà gbọ́. A rí méjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá tiwa mu, ti C àti ti Pascal, èdè méjì tí a fi ń kọ kóòdù. C ni mo mọ̀, C ló ń sáré, C ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ parí!

Àlàájì ní kò tíì parí. Wọ́n ní ká pe Àǹtí Bísí wá láti Surulere. Àǹtí yìí ti fẹ̀yìn tì, àwọn ló gbé kọ̀ǹpútà yẹn kalẹ̀ fún Àlàájì láyé ọjọ́un. Mo rò pé màmá tó máa jókòó tì mí, tí wọ́n á máa pìtàn, ló ń bọ̀. Háà! Àǹtí wọlé tàwọn ti jíǹsì, wọn ò tíì mu omi tí wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà.

Mo ṣàlàyé títí ìdí tí C fi dáa jù. Àǹtí wá bi mí bóyá mo ti fún àwọn kọ̀mpáílà méjèèjì ní kóòdù tí kò dáa. Mo ní, ẹ ní kí ni? Wọ́n ní kò sí kọ̀mpáílà tí kì í ṣe dáadáa tí kóòdù bá ti péye, ìgbà téèyàn bá ṣàṣìṣe lèèyàn máa mọ èyí tó fẹ́ràn ẹni.

Mo ní èmi kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ yìí o! Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́ ní C, kí n tún kọ ọ́ ní Pascal.

Mo bi Àlàájì bí ìlà búlúù ṣe máa tò. Wọ́n ní láti ìlà búlúù kan, kí n ka ìlà márùn-ún, kí n tún fi búlúù síbẹ̀, títí ìlà búlúù á fi pé iye tí ilé ìwé fẹ́. Kí ló le níbẹ̀? Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

A fi C ṣe é. Kọ̀mpáílà gbà á, kò wí nǹkan kan. Ẹ̀rọ ń hun, ó ń sáré, mo ti ń fi ìgbéraga wo Àǹtí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìbọ̀sẹ̀ parí, ẹ̀rọ ya wèrè! Òwú lọ́ pọ̀, abẹ́rẹ́ ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún, Àlàájì pariwo, “Yéè! Abẹ́rẹ́ mi o!” wọ́n sì fa iná yọ. Abẹ́rẹ́ ti kán. Ẹ má bi mí bójú ṣe tì mí tó.

A pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó kan Pascal. Nígbà tó ń yí kóòdù padà, ó falẹ̀ débi pé oorun fẹ́ gbé mi. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ hun ún dé ibi tí C ti ya wèrè, ó dúró jẹ́ẹ́ fúnra ẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà ibi tí mo ti ṣì í gan-an, pé mo ń wá ìlà kan tó ti kọjá ìparí ìbọ̀sẹ̀.

Báwo? Àǹtí mú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, wọ́n ní kí Àlàájì fìka ka ìlà fún wa. Àlàájì fìka lé orí ìlà búlúù náà gan-an: “Ení.” Ẹ gbà mí! Èmi ti bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó tẹ̀ lé e! Bí a ṣe ń sọ pé ìjẹta, tí a ti ka òní mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni Àlàájì ń ka ìlà. Mo ń pe ìjẹta lójoojúmọ́, mi ò ronú kàn án rí! Bí ìlà tèmi ṣe jìnnà síra jù nìyẹn, tí èyí tó kẹ́yìn fi bọ́ síta.

Àǹtí ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ló ń pinnu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe máa yá tó, kí ni a fẹ́ fi eré C ṣe? Wọ́n ní èmi máa padà sí Yaba, Rìsíkátù ọmọ Àlàájì ló máa máa yí ìlà padà fún ilé ìwé mìíràn, kọ̀mpáílà tó máa dá a dúró kí abẹ́rẹ́ tó kán ló yẹ ẹ́. Ẹ wo ọpọlọ! Ibi tí Àǹtí ń wò, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ wà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, jíǹsì àbí kò sí jíǹsì.

Mo tún kóòdù ṣe, Pascal náà la lò. Ìbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àlàájì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń ka ìlà ẹ̀. Wọ́n ní, “Bísí, o tún ti dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́.” Nígbà tí àwọn tó ń ra irin dé, Àlàájì fún wọn ní àga, wọ́n ní kí wọ́n jókòó wòran.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n máa bi ara mi ta ló máa kù sídìí iṣẹ́ tí mo bá lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni àgbà tó la ojú yín lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á!

Ìbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni Àlàájì fún. Kò wọ̀ mí, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n hun ún fún. Orí tábìlì mi ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí.