Igi Ọsàn Tó Mu Omi Àlùwàlá

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó gba yàrá nílé mi ní Ìkọ̀lé wá kí mi. "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Irú lọ́fínńdà wo lẹ ń lò? Ó ń ta sánsán dé yàrá mi." Ẹ̀rín pa mí. Òórùn òdòdó ọsàn ẹ̀yìnkùlé mi ló ń gbọ́. Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ùsì ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa sinmi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbúre àti tẹ̀tẹ̀ á yọ, ilá á tẹ̀lé e, elégédé á sì máa fà lọ sórí ààtàn bí ẹni tó jogún ibẹ̀. Ata la máa ń ká títí ọyẹ́ á fi dé. Kò sí ògiri láàárín àwa àti ilé Bàbá Ràmátù, mùsùlùmí tó ń ta ọkọ́ àti àdá lọ́jà. Ràmátù ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwa méjèèjì.

Lọ́dún yẹn, ìyá mi ra ọmọ igi ọsàn kan, ó gbìn ín sí àárín ilé méjèèjì. Kò pẹ́ tí òjò fi dáwọ́ dúró. Odò gbẹ, kànga di ẹrẹ̀. Ìyá mi pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi ilé bomi rin igi. "Bó bá fẹ́ kú, kó kú. Ọ̀fun yín ló kàn mí." Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń yọjú wò ó láràárọ̀.

Èmi àti Ràmátù kò gbà kó kú. A ń tọ́jú omi tí a bá fi wẹ̀, a sì ń dà á sídìí igi náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé rẹ̀ pọ́n, ó ń wọ́. Ìyá mi bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló ń fi ọṣẹ bọ́ igi mi?"

A bú sẹ́kún. A rò pé a ti pa á.

Bàbá Ràmátù gbọ́ ẹkún wa. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbé àpótí rẹ̀ àti búútà wá sídìí igi, ó jókòó, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ níbẹ̀. Omi ojú, omi ọwọ́, omi ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń kán sórí gbòǹgbò.

"Ìyàwó wa," ó wí fún ìyá mi, "èyí kò ní ọṣẹ nínú."

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ti ń ṣe é kó tó kí ìrun. Bó bá wà lọ́jà, Ràmátù á gba búútà. Bàbá mi, tó jẹ́ díákónì, ní ẹ̀rù ń ba òun kí igi náà má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀. Kí òjò tó padà dé, ọ̀mùnú tuntun ti yọ.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó so méje. Ìyá mi fi àkọ́ká rán mi sí Bàbá Ràmátù. Ó bó o, ó mu ún, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ọsàn náà kan bí ọtí kíkan! Síbẹ̀ ó mu ún tán, ó ní, "Oyin ni."

Ràmátù lọ́kọ sí Ìlọrin, ikú sì mú un kí irun rẹ̀ tó funfun. Àwọn òbí wa náà ti lọ. Lóde òní, omi ń tú jáde nínú ẹ̀rọ ní Ùsì, olúkúlùkù sì ti mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká. Àwọn àbúrò Ràmátù náà mọ tiwọn. Bíríkìlà fẹ́ gé igi ọsàn náà kí ògiri lè tọ́; wọ́n kọ̀. Ni ògiri bá tẹ̀, ó yà fún un, ó tó padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní bíríkìlà náà kò mọṣẹ́.