Arnold Sugden àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Edna Pilling

Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni Arnold Sugden, ní ìlú Harrowclough, ní àríwá England. Nígbà tó di olùdarí fíìmù, kì í wá gbajúmọ̀ òṣèré kiri. Àwọn ará àdúgbò ló máa ń gbà, kì í sì í fún wọn ní ìwé kà. Á kàn ní, "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe dùn yín tó," á sì tan ẹ̀rọ.

Báyìí ló ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Edna Pilling, opó kan tó ti bá ìyá Arnold hun aṣọ rí. Ilé tí ìjọba ìlú fi háyà fún Edna rin gbindin, ògiri rẹ̀ sì ti bu bí búrẹ́dì ọlọ́sẹ̀ méjì. Sheila ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wúkọ́ níbẹ̀ títí ó fi kú.

Edna wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Mo kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sí ìjọba ìlú. Wọ́n kà á. Àwọn ni wọ́n pa ọmọ mi."

Ọ̀gbẹ́ni Pelham, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní London, ra fíìmù náà. Ó pe Arnold lórí fóònù.

"Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ará ibí kì í gbọ́ èdè ẹnu yín. Ẹ jẹ́ kí òṣèré wa kan fi ohùn tirẹ̀ rọ́pò ti obìnrin yẹn, kó lè yé gbogbo ayé."

Arnold fẹ́ kó yé gbogbo ayé lóòótọ́. Ó gbà, kò sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó pe àwọn ará àdúgbò sí gbọ̀ngàn kí wọ́n wá wo iṣẹ́ tí London fi ránṣẹ́. Àwọn obìnrin ilé ìhunṣọ kì í fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ariwo ẹ̀rọ. Ètè ni wọ́n ń kà. Bí ojú Edna ṣe yọ, Hilda Bagshaw, ọ̀kan nínú wọn, fò dìde.

"Irọ́ ni! Edna, ètè ẹ sọ pé wọ́n pa á. Ta ló ń sọ pé Ọlọ́run ló mú un lọ?"

"Ohùn ayaba ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu!" ni ẹnìkan wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Edna yíjú. "Arnold, ìwọ lo fún wọn láyè?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ yín pa dà, Àǹtí Edna."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá o mọ̀. Ṣé ìwọ lo fún wọn láyè?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ọmọ mi kú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn."

Inú bí Arnold sí Pelham, ṣùgbọ́n èyí tó bí i sí ara rẹ̀ ló ń jó o bí iná. Ní Mọ́ńdè, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London.

"Bí a bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọba ìlú á pè wá lẹ́jọ́," ni Pelham wí. "Jókòó, mu tíì."

"Tíì kọ́ ni mo wá mu. Ẹ fún mi ní fíìmù tí ohùn Edna wà nínú rẹ̀."

"Tó o bá gbé e kúrò níbí, o ò ní ya fíìmù fún wa mọ́ láyé."

Arnold gbé e. Pelham náà kò sì yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Arnold fi ń fi ọkọ̀ pín mílíìkì láti ojúlé dé ojúlé. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó dé láti London, ó fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn kan náà. Edna fúnra rẹ̀ ló lọ pe ọ̀gá tó ń bá ìjọba ìlú rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí lẹ́tà mẹ́sàn-án, ọkùnrin náà mú fìlà rẹ̀, ó dìde. Edna ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Pa dà lọ jókòó," ni ó wí. "Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán."