Àáró Àlíù Tí Àdìjá San

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó dun Àdìjá jù láyé rẹ̀, mo sì rò pé oore ni mò ń ṣe.

Àlíù ni ọkọ rẹ̀. Bíríkìlà ni Àlíù, bíríkìlà ni Ọlátúnjí, bíríkìlà lèmi Ẹ̀hìndé náà. A kọ́ ilé onílé káàkiri Navy Town àti Òkokomáíkò, inú yàrá kan ṣoṣo ni kálukú wa sì ń sùn. Nígbà tí a ra ilẹ̀ ní Ìbà lọ́dún 1988, kò sí ẹni tó lágbára láti gba òṣìṣẹ́. La bá dá àáró bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é lóko. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ẹnì kan títí ògiri rẹ̀ á fi dúró, ká tó bọ́ sórí ti ẹlòmíràn. Bí ti gbogbo wa bá ti dúró, a óò padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ká máa kan òrùlé. Kò sí káfíńtà nínú wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́lé fún ọdún mẹ́wàá mọ ìṣó í kàn. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọlátúnjí ń lọ bá a wí pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, títí ó fi sú pásítọ̀ náà.

Ti Àlíù ló ṣáájú. Ògiri rẹ̀ dúró. Ìpìlẹ̀ ilé Ọlátúnjí la ṣì wà nígbà tí àìsàn dá Àlíù dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Bó ṣe kú nìyẹn, ó jẹ wá ní iṣẹ́ ilé méjì.

Àdìjá ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń ta kẹrosíìnì nínú ìgò létí títì Òkokomáíkò, ó ń tọ́ ọmọ méjì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó jáde opó, èmi àti Ọlátúnjí lọ kí i. Mo ní, "Ìyàwó, a ti forí ji Àlíù. Iṣẹ́ tó kù lọ́rùn rẹ̀, má rò ó mọ́."

Mo ń retí ọpẹ́. Ilẹ̀ ni Àdìjá ń wò.

"Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá forí jì wá, ta ni yóò wá kan òrùlé mi?"

Ọlátúnjí ní, "Ọlọ́run á ṣe é."

"Àlíù ló bá yín dá àáró. Ẹni tí ò bá jẹ yín ní nǹkan kan, ẹ̀yin náà ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ẹ ti yọ wá kúrò nìyẹn."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé obìnrin kì í san àáró bíríkìlà. Kí n má purọ́, òótọ́ tó sọ ló bí mi nínú. Èmi àti Ọlátúnjí ti sọ ọ́ láàárín ara wa pé ká parí tiwa, kí opó máa wá ọ̀nà tirẹ̀. Àánú la wá pè é níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ká tó dé ilẹ̀ Ọlátúnjí, Àdìjá ti pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù.

Ó ní, "Mi ò mọ búlọ́ọ̀kù í tò. Mo lè pọnmi, mo lè ru kankéré. Ọjọ́ méjì tèmi fún ọjọ́ kan ti Àlíù."

Ó ṣe é fún ọdún kan ààbọ̀. Irun àárín orí rẹ̀ re nítorí abọ́ irin tó fi ń ru kankéré. Koríko hù lórí ògiri Àlíù, òjò ń fọ búlọ́ọ̀kù lọ. Àwọn aládùúgbò ní a sọ opó dẹrú. Ojú tì mí, mo bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ó ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́fà, bọ̀dá." Lọ́jọ́ tó ru abọ́ tó kẹ́yìn nílé mi, ó fọ ẹsẹ̀, ó kí wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó pe ẹnì kejì, èmi àti Ọlátúnjí pàdé lójú ọ̀nà ilẹ̀ Àdìjá, tòòlù tòòlù lọ́wọ́. Àdìjá ti kó páànù tó ti ń rà ní ẹyọ ẹyọ jáde. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta la fi kàn án. Mo sunkún Àlíù lórí òrùlé yẹn, mi ò sì fi pamọ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Àdìjá dúró lábẹ́ páànù tuntun, omijé ń dà lójú òun náà. Mo ní kó jókòó, kó sinmi. Ó fi gèlè nu ojú.

"Bọ̀dá," ó ní, "ta ló kàn?"