Ojú Màmá Mi Kò Fọ́

Ẹ bá n wo ọkọ mi bó ṣe ń mú màmá mi lọ́wọ́ kọjá ojú irin! Ojú màmá mi kò fọ́ o. Aránṣọ ni wọ́n, láìlo awò ni wọ́n ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọkọ mi ló ń tún géètì ojú irin àdúgbò wa ṣe, èyí tó máa ń dá wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ rélùwéè bá ń bọ̀. Níta, á máa pariwo: "Ẹ má gba abẹ́ rẹ̀ o! Ẹ jẹ́ kí iná pupa kú!" Tó bá délé, tó rí oúnjẹ níwájú, ó di fáàrí. "Géètì yẹn? Ojo ni! Kí ọkọ̀ tó gbéra ló ti máa ń sáré wálẹ̀. Èèyàn á kọjá, á tún padà wá mú ohun tó gbàgbé." A rẹ́rìn-ín títí. Màmá náà rín in.

Nígbà tó yá, wọ́n kó ọkọ̀ tuntun dé, tó ń sáré bí ẹni wọ́n ń lé. Ọkọ mi mọ̀. Kò sọ fún wa nílé.

Ló bá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Géètì wálẹ̀, aago ń dún, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ tẹrù tẹrù. Yéè! Orí ló yọ wọ́n. Aṣọ oníbàárà ni ọkọ̀ run wómúwómú.

Ọ̀gá ọkọ mi sáré dé. "Màmá, ta ló ní kí ẹ máa kọjá?"

Ọkọ mi ń wolẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ojú mi ló ti di bàìbàì, ọmọ mi. Mi ò rí iná pupa."

Ọkọ mi kò jẹ́wọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò sọ òótọ́, ojú sì ń tì mí títí dòní.

Nígbà tá a délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá ní, "Dìde. Ibi tó yẹ kó o ti sọ̀rọ̀ kọ́ lo ti ń dọ̀bálẹ̀ yìí."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Màmá mi gba ẹ̀sín náà. Ọ̀gá ní Màmá ò gbọ́dọ̀ dá nìkan kọjá ojú irin mọ́, àwọn oníbàárà sì wá kó aṣọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ aránṣọ tí kò ríran?

Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ mi àti Màmá bá jọ dúró nídìí géètì, àwọn èèyàn á máa kí ọkọ mi: "Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o! Àna rere ni yín!"

Á ní, "Ẹ ṣé."